Ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi Ọlọ́run

Ìbéèrè: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 láàárín ọdún kan, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, láìfi omi kan ẹnu. Mo kọ àwọn ohun tí mò ń bèèrè sílẹ̀, mo sì ń gbàdúrà lé wọn lórí lóru. Ọlọ́run dáhùn àwọn kan, àwọn kan ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò rí i kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ túbọ̀ máa wù mí. Oúnjẹ ni mò ń rò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá sì parí ààwẹ̀, kì í tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bíbélì yóò tún fi sú mi í ṣí. Nígbà mìíràn òòyì máa ń kọ́ mi, mo kàn ń fi ìgbàgbọ́ fara dà á ni. Ṣé kí n fi kún ọjọ́ ààwẹ̀ náà, kó di ogójì?"

Arábìnrin mi nínú Olúwa,

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń gbààwẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn tí wọn ò jẹ́ sọ ohun tí ẹ sọ yìí síta. Bí ẹ bá bá wọn dé kọ̀rọ̀, ohun tó ń ṣe yín ló ń ṣe wọ́n. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ti jìnnà sí Ọlọ́run. Ẹni tí kò ka Ọlọ́run sí kì í bèèrè ìdí tí Ọlọ́run kò fi wu òun. Ìrora tó wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ebi ni. Ó lè kéré, àmọ́ ebi ni, a ó sì rí nǹkan ṣe sí i.

Màá dáhùn ọ̀rọ̀ ogójì ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ìparí. Bí mo bá fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ lẹ ó máa kà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kíkà wà lára ohun tó ń yọ yín lẹ́nu.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ààwẹ̀ kò sì sọ òwe yìí di irọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé bí inú bá ti ṣófo, Ọlọ́run á wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú tó ṣófo, inú tó ṣófo náà ni. Ebi ló máa gba gbogbo ibẹ̀ bí a ò bá gbé nǹkan mìíràn kalẹ̀. Jésébẹ́lì kéde ààwẹ̀ ní ìlú Nábótì, 1 Àwọn Ọba orí 21 ló wà, ibi ààwẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n sì ti purọ́ mọ́ ọkùnrin náà tí wọ́n fi sọ ọ́ lókùúta pa. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 23, àwọn ọkùnrin tó lé ní ogójì búra pé àwọn ò ní jẹ, àwọn ò ní mu, títí àwọn yóò fi pa Pọ́ọ̀lù. Ebi pa wọ́n o. Ìpànìyàn ni wọ́n ń fi ebi náà wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ nìyí: ebi inú àti ebi ọkàn kì í tọ ọ̀nà kan náà. Bí inú kò bá jẹun, ebi á máa le sí i. Bí ọkàn kò bá jẹun, ebi rẹ̀ ń kú lọ ni. Ẹni tó ti pa Bíbélì tì fún oṣù mẹ́ta kì í sáré lọ bá a bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa. Ojú rẹ̀ kì í tilẹ̀ í lọ síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó jẹ díẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ ni í padà wá lálẹ́. Ẹ rántí Sáàmù 34, ó ní ká tọ́ ọ wò, ká sì rí i pé rere ni Olúwa. Títọ́wò ló ṣíwájú rírí. Ẹnu tó ti tọ́ Ọlọ́run wò ni ebi Ọlọ́run máa ń pa.

Ẹ wá padà wo ọjọ́ 63 tí ẹ fi gbààwẹ̀. Ẹ fi ebi pa inú, ó dáa. Ẹ fi ebi pa ọkàn mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, ẹ sọ iye ọjọ́, ẹ sọ aago tí ẹ ń ṣínu, ẹ sọ àwọn ohun tí ẹ bèèrè. N kò rí ibi tí ẹ ti sọ ohun tí ọkàn yín jẹ.

Ẹ bá mi ṣí Diutarónómì 8, ẹsẹ 3. Mósè ń rán Ísírẹ́lì létí ogójì ọdún inú aginjù, ó ní Ọlọ́run rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ó fi ebi pa wọ́n, ó sì fi mánà bọ́ wọn. Ẹ tún un kà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ebi àti oúnjẹ jọ wà. Ọlọ́run kò fi ebi pa wọ́n kó wá jókòó máa wò wọ́n. Ó fi ebi pa wọ́n kí ẹnu wọn lè ṣí fún oúnjẹ tí àwọn àti baba wọn kò mọ̀ rí. Àjèjì ni oúnjẹ náà jẹ́ lójú wọn débi pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, ìbéèrè ni wọ́n ń bi ara wọn: kí nìyí? Inú ìbéèrè yẹn ni orúkọ mánà ti jáde. Ẹni tó bá gba apá kìíní ẹsẹ yìí, tí kò dúró gba apá kejì, ebi nìkan ni yóò máa mọ̀, bí ẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n yìí.

Ẹsẹ yìí náà ni Jésù fi dá Èṣù lóhùn nígbà tó ní kó sọ òkúta di oúnjẹ. Ìdáhùn mẹ́ta ló fún un nínú Mátíù orí 4, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wá láti inú ìwé Diutarónómì, orí 6 àti orí 8. Ẹni tí kò jẹun fún ogójì ọjọ́ kò ní agbára àtimáa wá ọ̀rọ̀ kiri. Èmi gbà pé ohun tí Olúwa wa ti ń jẹ tipẹ́tipẹ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré, mo gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje kan. Aago ara ògiri ni mò ń wò ju Bíbélì lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ mi obìnrin gbé ìwé rẹ̀ wá pé kí n bá òun wo iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn nílé ẹ̀kọ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó yí padà, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìgbà wo ni Dádì máa ṣínu?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ọmọ mi ń dúró kí ààwẹ̀ mi tán kó lè rí bàbá rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí Aísáyà 58, mo kà á dé ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ìjà àti asọ̀ ni wọ́n ń gbààwẹ̀ fún, n kò sì lè kà kọjá ibẹ̀. Mo lọ bẹ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí aago oúnjẹ ọ̀sán lù, mo lọ jókòó sí ìdí tábìlì oúnjẹ, lórí àga tí mo máa ń jókòó sí, mo ṣí Sáàmù 63. Mo ń ka ẹsẹ kìíní sókè: "Ọlọ́run, ìwọ ni Ọlọ́run mi." Inú mi kùn, ó kùn débi pé etí mi gbọ́ ọ. Mo bá dúró. Mo ní, "Olúwa, bí inú mi ṣe ń kùn sí oúnjẹ yìí, ṣé ọkàn mi ti kùn sí ọ báyìí rí?" Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni ebi kọ́kọ́ bá mi gbàdúrà. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ló ń bá mi jà.

Nítorí náà, arábìnrin mi, ẹ ṣọ́ àkókò oúnjẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ààwẹ̀ wà, ibẹ̀ la sì máa ń sá fún jù. A ó sùn kí ọ̀sán lè tètè kọjá, a ó gbé fóònù, a ó wá iṣẹ́ tó le ṣe kí a má bàa rántí. Ẹ má sá fún un mọ́. Bí aago oúnjẹ bá tó, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti máa ń jẹun, kí Bíbélì wà níwájú yín, kí fóònù wà ní yàrá kejì. Ẹ mú ibi kúkúrú kan, ẹsẹ méjì, mẹ́ta. Ẹ má ka orí mẹ́wàá, ààwẹ̀ kì í ṣe ìdíje. Ẹ kà á sókè, ẹ tún un kà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ egungun tó ládùn. Ọ̀rọ̀ kan á dì yín mú níbẹ̀. Ẹ dúró sídìí rẹ̀, ẹ dá a padà fún Ọlọ́run pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Bí inú bá kùn, kí ìyẹn jẹ́ agogo tó ń pè yín padà sórí ẹsẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi Sáàmù 63 yẹn náà ṣe àpẹẹrẹ, torí ó dùn mọ́ mi gan-an. Àkọlé rẹ̀ sọ pé Dáfídì wà ní aginjù Júdà nígbà tó kọ ọ́. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, omi kò sí níbẹ̀, òùngbẹ inú sáàmù náà kì í ṣe àfiwé lásán. Ẹ wá ka gbogbo ẹsẹ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí ẹ wá ibi tó ti bèèrè omi. Ẹ ò ní rí i. Òùngbẹ Ọlọ́run ló ní ó ń gbẹ òun. Nígbà tó sì máa fi dé ẹsẹ karùn-ún, níbi tí kò sí oúnjẹ, ó ti ń sọ̀rọ̀ yíyó, bí ẹni tó dìde nídìí àsè. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí ọkàn níbẹ̀, nephesh, ni wọ́n tún ń lò fún ọ̀fun láwọn ibòmíràn nínú Májẹ̀mú Láéláé. Ẹni tó gbọ́ èdè náà lè gbọ́ ọkàn àti ọ̀fun pọ̀. Èyí ni mo fi ní kí ẹ má ṣe lé ebi inú sẹ́yìn bí ọ̀tá nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà. Ẹ yá ohùn rẹ̀ lò.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Kò burú láti fi ààwẹ̀ bèèrè nǹkan. Ẹ́sírà gbààwẹ̀ létí odò Áháfà fún ìrìn àjò láìséwu, Ọlọ́run sì gbọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ààwẹ̀ wa bá jẹ́ ìbéèrè, láìpẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run la ó máa wò, a ò ní wo ojú rẹ̀ mọ́. Nínú Sekaráyà orí 7, àwọn èèyàn ti fi àádọ́rin ọdún gbààwẹ̀ lóṣù karùn-ún àti lóṣù keje, Ọlọ́run sì bi wọ́n léèrè bóyá òun gan-an ni wọ́n ń gbà á fún. Ìbéèrè yìí máa ń bà mí lẹ́rù títí di òní. Ẹ fi í wé àwọn wòlíì àti olùkọ́ tó wà ní Áńtíókù nínú Ìṣe 13. Lúùkù kò sọ pé wọ́n ń bèèrè ohunkóhun. Wọ́n ń sin Olúwa, wọ́n ń gbààwẹ̀. Ibẹ̀ ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti sọ̀rọ̀ tó fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù jáde.

Dáfídì sì tún wà níbẹ̀, nínú 2 Sámúẹ́lì 12. Ó dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀, kò jẹun, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má kú. Lọ́jọ́ keje, ọmọ náà kú. Ẹrú rẹ̀ ń bẹ̀rù àtisọ fún un. Nígbà tó gbọ́, ó dìde, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó lọ sí ilé Olúwa, ó jọ́sìn, lẹ́yìn náà ló tó jẹun. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìrìn kúkúrú yẹn, láti orí ilẹ̀ dé ilé Olúwa. Ohun tó bèèrè kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kan náà ló kọ́kọ́ gbà lọ. Nínú àwọn ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, àwọn kan lè má rí ìdáhùn bí ẹ ṣe fẹ́. Ebi wa kì í ṣe okùn tí a fi ń fa ọwọ́ Ọlọ́run.

Ohun mìíràn tún wà tó ń pa ebi ọkàn. Ọmọ tó bá ti fi ìpanu kún inú kò ní jẹ oúnjẹ gidi bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀. Kì í ṣe pé oúnjẹ náà burú, inú rẹ̀ ti kún ni. Ọ̀pọ̀ wa ni ọkàn wa ti jẹ ìpanu yó kí ilẹ̀ tó mọ́: ìròyìn, àwòrán, fídíò, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín máa ń kọ́kọ́ kàn bí ẹ bá jí. Bí ẹ bá fẹ́ gbààwẹ̀ oúnjẹ, ẹ fi èyí kún un. Mo tilẹ̀ gbà pé fún àwọn kan, èyí ló le jù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ààwẹ̀ náà mọ láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run nìkan. Aísáyà 58 ní ká pín oúnjẹ wa fún ẹni tí ebi ń pa. Ní ọ̀rúndún kejì, Aristides ará Áténì kọ̀wé sí olú ọba Róòmù nípa àwọn Kristẹni, ó ní bí aláìní bá wà láàárín wọn tí wọn kò sì ní ànító, wọ́n á gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n lè rí oúnjẹ fún un. Ẹ rò ó wò ná: oúnjẹ tí ẹ kò jẹ, ta ló jẹ ẹ́?

Òòyì tó ń kọ́ yín ń kọ mí lóminú. Ẹ má fi ìgbàgbọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ara ló ń sọ pé omi kò tó, tàbí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tàbí pé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí dókítà gbọ́dọ̀ wò. Ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tún gba ààwẹ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa mu omi. Ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi tí Ẹ́sítérì àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà, ikú ló wà lọ́rùn wọn nígbà náà. Ti Mósè lórí òkè, ọwọ́ Ọlọ́run ló gbé e ró. Ọjọ́ 21 tí gbogbo wa sì ń tẹ̀ lé, inú Dáníẹ́lì 10 la ti rí i, ẹ kà á dáadáa: oúnjẹ aládùn, ẹran àti ọtí wáìnì ni Dáníẹ́lì kò fẹnu kàn. A ò kà á níbẹ̀ pé kò jẹ ohunkóhun. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń bá jà, ẹni tó ń lo oògùn tó ní láti bá oúnjẹ rìn, àti ẹni tó ti fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà rí títí ó fi di àìsàn sí i lára, kí wọ́n má ṣe gbààwẹ̀ oúnjẹ láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Wọ́n lè fi nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ọlọ́run tó dá ara mọ bí ara ṣe rí.

Ó wá ku ogójì ọjọ́ yín. Rárá, ẹ má gbà á. Ọjọ́ 63 kò ṣe é, ogójì mìíràn kò ní ṣe é bí ó bá rí bí àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí Bíbélì tún sú yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni pé ẹ ń lo ààwẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn kó oúnjẹ ọdún kan jọ lọ́jọ́ kan. Mánà kò rí bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ kó o, èyí tí wọ́n sì fi pamọ́ di ọjọ́ kejì yọ ìdin, ó ń rùn, àfi ti ọjọ́ kẹfà tí wọ́n kó sílẹ̀ de ọjọ́ ìsinmi. Àwọn Kristẹni ìgbà àtijọ́ mọ èyí. Ìwé ìlànà wọn tí a ń pè ní Didache sọ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ ààwẹ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ààwẹ̀ kékeré tó ń padà wá ló dára fún yín báyìí.

Bí dókítà bá ti ní kò séwu, oúnjẹ ọ̀sán kan ni kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀, ní Ọjọ́rú, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ mu omi. Àwọn ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, ẹ tì í bọ inú àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ọlọ́run kò ní gbàgbé wọn. Sáàmù 63 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì Sáàmù 42, lẹ́yìn náà Aísáyà 55 àti Jòhánù 6, ẹsẹ díẹ̀ díẹ̀. Láwọn ọjọ́ yòókù, kí ẹ tó jẹun àárọ̀, ẹ padà sórí ẹsẹ Ọjọ́rú yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí fóònù tó dé ọwọ́ yín. Bí Ọjọ́rú kan bá gbẹ, tí ẹ jókòó tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ má fi òmíràn san án, ẹ kàn padà wá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé, ẹ tún kọ̀wé sí mi. N kò ní bi yín léèrè iye ọjọ́ tí ẹ gbà. Ẹsẹ tí ẹ kò lè kúrò lórí rẹ̀ ni kí ẹ sọ fún mi.